Ọmọ Tó Dé Oko Bàbá Ẹlòmíràn

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ní í sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ọmọ tó jókòó pa sílé ni wọ́n ń fi òwe yìí bá wí, pé kó dìde, kó lọ fojú ara rẹ̀ rí ayé. A ti gbọ́, a sì ti dìde. Tọmọdé tàgbà ló ń já pa lọ sí London, Manchester, Toronto àti Houston. Àmọ́ àwọn tó pa òwe náà kò sọ ohun tí a ó ṣe fún ọmọ tó lọ, tó wo oko olóko fún ìgbà díẹ̀, tó wá padà wálé láti sọ pé bàbá òun kò ní oko rárá. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ní Àbújá, torí náà ibẹ̀ ni kí á ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn lọ́jà Wuse nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní IJGB (I Just Got Back), bá ya wọ̀lú. Ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó gbé dígí dúdú sórí irun. Ó na ìka sí rọ́bà tòmátì kan, ó béèrè iye tó jẹ́. Ìyá tó ń tà á pe ₦8,000, irú iye tí ẹni tó mọ ọjà á kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín kó tó dá iye tirẹ̀. Tiwa yìí ò rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń ṣírò. "Pọ́ùn mẹ́rin péré! Mààmá, ẹ̀yin ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ ń gbádùn nílùú yìí." Ó sanwó láìná an. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wọkọ̀ wá láti Nyanya, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àpò ọjà tó ti ṣá, gbọ́ ohun gbogbo. Ó mọ̀ pé iye tí wọn ó pè fún òun náà nìyẹn. Ó rọra yíjú sí ibi tí wọ́n ti ń ta tàtàṣé.

Ìṣirò ọ̀gbẹ́ni náà tọ̀nà o. Kó tó di oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ tú okùn lọ́rùn náírà, dọ́là kan kò ju nǹkan bí ₦460 lọ ní báńkì. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500, pọ́ùn sì ń lọ sí nǹkan bí ₦2,000. Ẹni tó ń gba pọ́ùn lówó iṣẹ́, bó bá wọ Wuse, gbogbo nǹkan ni yóò dà bí ọ̀pọ̀ lójú rẹ̀. Tòmátì kọ́ ló di ọ̀pọ̀. Owó wa ló di yẹpẹrẹ, ẹni tó sì fi ń yọ̀ níwájú ìyá tó ń ta tòmátì kò ní ìtìjú.

Ẹ má sì rò pé bó ṣe ń ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Manchester, náírà ló fi ń ṣírò. Ó gbé búrẹ́dì pọ́ùn kan ààbọ̀, ó ní ₦3,000 nìyẹn, ó dá a padà sórí pẹpẹ. Ó rí ata rodo mélòó kan tí wọ́n wé sínú ọ̀rá bí ẹni wé góòlù, ó wo iye tí wọ́n kọ sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Núùdù ló fi gbé ẹ̀mí ró. Ní Manchester, ó fi náírà ṣẹ́ ara rẹ̀ níṣẹ̀ẹ́; ní Wuse, ó fi pọ́ùn ṣẹ́ ẹlòmíràn níṣẹ̀ẹ́. Ibikíbi tó bá ti ń ṣírò, owó ibòmíràn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni yìí sàn. Ó kúkú lọ. Èyí tó ń yá mi lára láti sọ ni ẹni tí kò kọjá Lọ́kọ́ja rí, àmọ́ tí ahọ́n rẹ̀ ti gba físà. Ẹ bá a wọ ilé ìtajà ńlá kan ní Wuse 2 tàbí Gwarinpa. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́, òun ń ti kẹ̀kẹ́ ọjà lọ bí ọba tó ń yípo ààfin. Ó ṣí fìrísà, ó mú pọ̀tétò tí wọ́n ti gé ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tó dì gbagidi, tí wọ́n gbé ti Belgium wá. Jos, níbi tí pọ̀tétò ti ń hù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wákàtí díẹ̀ ni síbi tó dúró sí. Ó mú ápù South Africa tí wọ́n lẹ bébà róbótó mọ́ lára. Ó mú omi mángòrò inú páálí, nígbà tí mángòrò gidi ń já lulẹ̀ lẹ́yìn ògiri ilé rẹ̀ ní Kubwa tí àwọn ọmọdé ń fi í gbá bọ́ọ̀lù. Ó wá mú yógọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kòkòrò alààyè tó ń ṣara lóore wà nínú rẹ̀. Níta, lábẹ́ igi, obìnrin Fúlàní kan gbé igbá nọ́nọ̀ kalẹ̀. Kòkòrò alààyè pọ̀ nínú tirẹ̀ náà, wọn kò kàn rí ẹni bá wọn kọ ọ́ sára igbá ni. (N kò ní kí ẹnikẹ́ni mu nọ́nọ̀ tí eṣinṣin ti bà lé. Mo ní ká mọ ohun tí à ń sá fún, ká má fi orúkọ ìmọ́tótó bo ti fáàrí.)

Bí ẹ bá rò pé mo ń bù mọ́ ọn, ẹ rántí olóògbé Audu Ogbeh. Ní oṣù Kejì ọdún 2019, nígbà tó jẹ́ mínísítà fún ètò ọ̀gbìn, ó jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà ní Àbújá níbí, ó sì sọ fún wọn pé àwọn ọmọ Nàìjíríà kan wà tó ń fi fóònù ra písà ní London, tí bàálù British Airways ń gbé e wá, tí wọ́n á sì lọ gbà á ní pápákọ̀ òfurufú lówùúrọ̀. Gbogbo ìlú fi bàbá náà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ta ni? Wọ́n ní kó dárúkọ ẹnì kan. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Èmi ò lè búra pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí mo kíyè sí ni pé gbogbo ẹni tó rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ náà ló ní ẹnì kan lọ́kàn tí òun fura sí. Písà tó fò fún wákàtí mẹ́fà, tó tutù bí ẹsẹ̀ òkú, tí wọn yóò tún gbóná ní Maitama! Ẹni tó jẹ ẹ́, ṣé adùn ló ń wá, àbí kó lè sọ pé ó jẹ ẹ́?

Ọ̀gbẹ́ni Ogbeh yìí kan náà ni, ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, tó dúró ní Èkó láti fọwọ́ ṣí ètò kíkó iṣu Nàìjíríà ránṣẹ́ sókè òkun. Tọ́ọ̀nù 72 ni wọ́n kéde. Inú wa dùn, nítorí bí a bá kó gbogbo iṣu tí ayé ń gbìn jọ, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ló jẹ́ tiwa. Nígbà tó yá ni ìròyìn dé pé apá kan nínú iṣu náà ti jẹrà kó tó dé Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ ká wá sọdá sí Peckham ní London ká wo ẹni tó ń jẹ iṣu níbẹ̀.

Ní Rye Lane, ẹ ó rí ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ pé nígbà tó wà ní Àbújá, bí wọ́n bá gbé iṣu Kwali tàbí ti Zaki-Biam síwájú rẹ̀, á ní oúnjẹ àwọn ará oko ni, kí wọ́n bá òun wá sẹmó. Òun náà ló tẹ̀ba síwájú òkìtì iṣu níbẹ̀. Ó ń fi èékánná họ ọ́ lára, ó ń gbóòórùn rẹ̀ níbi ìdí, ó ń bi oníṣọ́ọ̀bù bóyá irú iṣu tí wọ́n ń pè ní puna ni. Bí owó kò bá tó odindi, wọ́n á gé ìdajì fún un, wọ́n á fi ọ̀rá wé ojú ibi tí wọ́n gé. Ìlàjì iṣu! Ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ má gbọ́. Bó bá sì bi oníṣọ́ọ̀bù léèrè ibi tí iṣu náà ti wá, ìdáhùn tó sábà máa ń gbà ni Ghánà. Ghánà tí kò gbìn tó tiwa ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣa iṣu ní dọ́gbadọ́gba, tí wọ́n ń dì í sínú páálí, tí wọ́n ń kó o gba èbúté Tema lọ sí London. Àwa la ni oko, àwọn ló ń ta iṣu fún ọmọ wa.

Adìẹ náà ní ìtàn tirẹ̀. Adìẹ tí òyìnbó ń tà lówó pọ́ọ́kú kì í lò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ láyé. Bí ẹ bá gbé e kaná, kí ẹ tó dé ìdí ata, ó ti tú sínú omi. Àwọn ìyá wa kò lè fara dà á. Wọ́n ń wá adìẹ líle, wọ́n sì rí i ní ṣọ́ọ̀bù àwọn aláwọ̀ dúdú. Adìẹ líle yìí ni èyí tó ti yé ẹyin títí tí kò lè yé mọ́, tí òyìnbó kò sì mọ ohun tí òun lè fi í ṣe ju kó lọ̀ ọ́ fún ajá. Òun la fi ń ṣe àpèjẹ níbi ìsọmọlórúkọ. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yìn àwọn ìyá wa ni mo wà.

Àmọ́ ibi tí ẹ̀gbọ́n Peckham ti bà mí lọ́kàn jẹ́ ni èyí tó máa ń sọ bó bá jẹun yó tán: pé nílé, ohun gbogbo ló mọ́ gaara, pé kò sí kẹ́míkà nínú oúnjẹ wa, pé òyìnbó ló ń jẹ májèlé. Ọmọ tó dé oko ẹlòmíràn ti tún padà di ọmọ tí kò dé ibẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà. Ìdí rẹ̀ ni oògùn kòkòrò tí wọ́n ń pè ní dichlorvos. Ìwọ̀n tí wọ́n lè fara mọ́ kò ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì dé 4.6. Wọ́n sún ọjọ́ tí òfin náà yóò parí síwájú léraléra. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa àwọn ìgò kéékèèké oògùn yìí ní gbangba ọjà, torí pé àwọn kan ń dà á sẹ́wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, àwọn mìíràn sì ń fi pa ara wọn. Ẹ ronú sí i dáadáa: ìgò kan náà ló wà fún iṣẹ́ méjèèjì. Ẹ̀wà tí kò rí ìwé ìgbélùú gbà ní Yúróòpù kò pòórá o. Mọ́ínmọ́ín ni, àkàrà ni, ẹ̀wà aganyin ni.

Ṣé ohun tí mo wá ń sọ ni pé oúnjẹ òyìnbó dára ju tiwa lọ? Rárá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Ireland yẹ ẹran lílọ̀ tí wọ́n ń tà bí ẹran màlúù wò, wọ́n bá ẹran ẹṣin nínú rẹ̀. Nínú ọ̀kan, nǹkan bí ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ẹṣin. Ọ̀rọ̀ náà tàn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ọ̀pọ̀ ibòmíràn ní Yúróòpù. Àwọn tó ń fi imú wo ẹran alápatà wa ní Dei-Dei ti ń jẹ ẹṣin láìgun ún. Olè wà lóko wọn bó ṣe wà lóko tiwa. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹnì kan gbé ẹran náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ó kéde ohun tó rí lórúkọ lórúkọ, wọ́n sì kó o kúrò lórí pẹpẹ. Ọmọ tó dé oko bàbá ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ nípa bí oko náà ṣe fẹ̀ tó. Mo ń retí ọjọ́ tí yóò sọ fún wa pé òun rí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí mudu, abọ́ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà lọ́jà Àbújá, torí ibẹ̀ ni ọmọ Yorùbá tó bá kó wá sí Àbújá ti ń kọ́kọ́ mọ̀ pé òun náà ti ré kọjá oko bàbá òun. Kóńgò tó mọ̀ nílé ti di mudu. Ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀ níwájú oníṣòwò kan ní Nyanya. Mudu náà ń dán lójú, ó tóbi lójú. Ẹ fi ọwọ́ kan inú rẹ̀ lọ́hùn-ún: ìdí rẹ̀ ti wọlé, wọ́n ti lù ú pẹ̀lú òòlù títí ó fi yọ ikùn sókè. Oníṣòwò á bu ẹ̀wà lé e, á tò ó lórí gegere, á tún fi ọwọ́ kan bù kún un pé èènì nìyẹn. Ìwọ náà á dúpẹ́. O dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti kọ́kọ́ fi òòlù gba tìrẹ. Kí á má sì purọ́ mọ́ ọn nìkan, ẹni tó ń tà fún un láti inú àpò náà ti ṣe tirẹ̀.

Àwọn IJGB fẹ́ràn láti fi mudu yìí bú wa. Wọ́n á ní lọ́hùn-ún, gíráàmù gíráàmù ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì Toblerone, èyí tó ní góńgó góńgó bí òkè, fẹ àlàfo àárín àwọn góńgó náà sí i nínú èyí tí wọ́n ń tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Páálí rẹ̀ rí bó ṣe ń rí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ti kúrò ní gíráàmù 400, tó di 360. Kí ni ìyẹn bí kì í bá ṣe òòlù nídìí mudu? Àyàfi pé wọ́n kọ 360 sí i lára, ẹni tó bá lè kàwé á sì rí i kó tó sanwó. Ilẹ̀ Faransé tiẹ̀ ti ṣòfin pé láti oṣù Keje ọdún 2024, ilé ìtajà ńlá tó bá ń ta ohun tí wọ́n dín kù láìdín owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ọn tàbí sítòsí rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lára mudu ní Nyanya.

Tòmátì pàápàá máa ń jábọ̀ lọ́wọ́ olóko ńlá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016 tí kòkòrò Tuta absoluta run oko tòmátì ní Kaduna, tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pàjáwìrì, àwọn ọmọ wa lókè òkun fi wá ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, ó kàn wọ́n. Òtútù mú oko ní Spain àti Morocco, iná mànàmáná wọ́n fún àwọn tó ń gbin tòmátì sábẹ́ gíláàsì, àwọn ilé ìtajà ńlá ní London sì ń pín tòmátì fún ènìyàn bí oúnjẹ ogun. Thérèse Coffey, mínísítà wọn fún àyíká àti oúnjẹ nígbà náà, dìde nílé aṣòfin, ó mẹ́nu ba tọ́níìpù, ohun tó ń hù nílẹ̀ wọn lásìkò náà, pé àwọn ènìyàn lè fi dípò. Wọ́n bú u títí. Ẹ wo obìnrin yìí: òun nìkan ló sọ ohun tí ìyá àgbà kan lè sọ, pé kí oníkálukú jẹ ohun tí ilẹ̀ rẹ̀ bá mú jáde.

A wá dé ibi owó gan-an. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, owó oúnjẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, ariwo sì gba ìlú. Tiwa ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 jẹ́ 40.87, gẹ́gẹ́ bí àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ ṣe kéde. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìdá sílẹ̀, ká mú ẹyin. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, owó tó kéré jù tí òfin gbà kí wọ́n san fún àgbàlagbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di pọ́ùn 12.21 ní wákàtí kan. Ẹyin méjìlá kì í sábà ju pọ́ùn mẹ́ta sí mẹ́rin lọ níbẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn á ti rí owó rẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú. Níbí, owó oṣù tó kéré jù jẹ́ ₦70,000 láti oṣù Keje ọdún 2024. Bí a bá pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 22, kò tó ₦3,200 lóòjọ́. Kéréètì ẹyin ọgbọ̀n ti kọjá ₦5,000, ìyẹn ni pé ẹyin méjìlá ju ₦2,000 lọ. Nǹkan bíi wákàtí márùn-ún nínú mẹ́jọ ni òṣìṣẹ́ Nyanya yóò fi ṣiṣẹ́ kí ó tó gbé ẹyin méjìlá délé, kò sì tíì wọkọ̀.

Nítorí náà, ìwọ tí o ń bọ̀ wálé lóṣù Kejìlá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, tòmátì tó jẹ́ pọ́ùn mẹ́rin lójú rẹ yẹn, ná an. Ìyá tó ń tà á kò ní bínú, ó ti ń dúró de ìnájà náà. Bó o bá sì padà dé Manchester tó o fẹ́ fi fọ́nrán ránṣẹ́ nípa bí ẹyin ṣe pọ̀ lórí pẹpẹ, sọ iye wákàtí tó o fi ṣiṣẹ́ kó o tó rà á fún àwọn tó ń wò ọ́.

Ní ti àwa tó wà nílé, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún òwò ní ẹ̀ka tó ń mójú tó òṣùwọ̀n, òfin òṣùwọ̀n sì ti wà láti ọdún 1974. Sẹkitéríàtì Àtijọ́, Area 1, Garki, ni ilé iṣẹ́ náà wà. Ọkọ̀ kan péré ni láti ibẹ̀ dé ọjà Garki. Mudu ni wọ́n ṣì fi ń wọn ẹ̀wà níbẹ̀.